Ọgọ́rùn-ún Kejì Nínú Oko Ajíbóyè

Ajíbóyè kì í ṣe ọ̀lẹ. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí ná, nítorí àwọn tó máa ń sọ ìtàn yìí a máa pe ọkùnrin náà ní ọ̀lẹ, kò sì rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bí ó bá gbé ọkọ́ láàárọ̀, á kọ ebè títí oòrùn á fi kan àtàrí. Ohun tó ń dà á láàmú ni pé bí oòrùn bá ti kan àtàrí tán, ẹnu rẹ̀ ni í máa bá iṣẹ́ lọ. Ẹnu náà sì mọ iṣẹ́ í ṣe. Mo ti gbọ́ pé ó lè jókòó sábẹ́ igi kan kó fi ọ̀rọ̀ ro oko mẹ́ta kí ilẹ̀ tó ṣú.

Aba Ìdí-Orógbó ni òun àti Ìbídùnní ìyàwó rẹ̀ ń gbé pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta. Ìgè ni àkọ́bí wọn, obìnrin. Oko wọn wà ní òdì kejì odò, ibi tí ẹsẹ̀ èrò kò ti pọ̀, pàápàá bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ tí odò náà kún. Iṣu ni ọkọ ń gbìn. Ìyàwó a máa fi ẹ̀gúsí àti ilá há àárín ebè, á sì gbin àgbàdo yí etí oko ká. Láàárín ìgbà òjò, bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ kò ní fẹ́ padà sílé. Ọwọ́ iṣu á ti gun igi, ìtàkùn ẹ̀gúsí á ti bo ilẹ̀, àwọn ọmọ á sì máa jà nítorí ṣírí àgbàdo tó kọ́kọ́ gbó.

Ajíbóyè àti àwọn ọkùnrin mẹ́rin mìíràn ni wọ́n jọ ń ṣe àáró. Bí wọ́n bá kọ ebè nínú oko ẹni kan lónìí, oko ẹlòmíràn ló kàn lọ́la, títí yóò fi yí gbogbo wọn ká. Ọ̀pálékè, ọkùnrin gíga kan tí kì í pọ̀ lọ́rọ̀, ni olórí wọn. Ṣíyanbọ́lá, tó fẹ́ àbúrò Ìbídùnní, wà nínú wọn pẹ̀lú. Igba ebè ni wọ́n fi ń wọn iṣẹ́ ọjọ́ kan fún ọwọ́ márùn-ún. Igba náà sì ni wọ́n ń pè ní oko ọkùnrin. Ẹni tí kò bá pé igba, oko ọmọ àná ni wọ́n ń pe tirẹ̀, wọn a sì fi ṣe ẹ̀rín títí òjò á fi dáwọ́.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ọjọ́ tó kan oko Ajíbóyè, wọ́n ti kọ ọgọ́rùn-ún ebè kí ó tó di ọ̀sán. Ni òjò bá ṣú. Òjò náà kò wá bí àlejò, ó wá bí onílé, kò sì kúrò níbẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Àáró kì í padà sẹ́yìn. Oko ẹlòmíràn ló kàn lọ́jọ́ kejì, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i.

"Ọgọ́rùn-ún ló kù, Ajíbóyè," ni Ọ̀pálékè wí, ó ń fún omi kúrò lára aṣọ rẹ̀.

"Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi," ni Ajíbóyè dáhùn. "Kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, mo ti kọ ọ́ tán."

Òótọ́ inú rẹ̀ ló sọ. Ó padà síbẹ̀ lọ́jọ́ kẹta, ó gun ẹ̀yìn òkè níbi tí ilẹ̀ tó kù wà, ó sì gbé ọkọ́ sókè. Òkúta ni ọkọ́ bà. Ó tún gbé e, ó tún ba òkúta, èèkù ọkọ́ sì ṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó lọ gbẹ́ èèkù tuntun. Ọjọ́ tó gbẹ́ ẹ tán, ọmọ rẹ̀ ń ṣe àìsàn díẹ̀. Ọjọ́ tí ara ọmọ yá, òjò rọ̀. Ọjọ́ tí òjò kò rọ̀, ó bá àwọn kan nídìí ọpọ́n ayò, ó ní òun kàn fẹ́ wò ó díẹ̀ ni. Bí ìgbà gbígbin iṣu ṣe kọjá nìyẹn, tí ọgọ́rùn-ún ebè kejì kò kúrò lẹ́nu.

Nígbà tí iṣu ti hù, tí ó ń wá igi gùn, Baba Adégbìtẹ́, bàbá Ìbídùnní, ránṣẹ́ sí àwọn àna rẹ̀ pé koríko ti fẹ́ gba oko lọ́wọ́ òun. Bí bàbá ìyàwó bá ti ránṣẹ́ báyìí, ọ̀wẹ̀ dé nìyẹn, kì í ṣe ohun tí ọkọ ọmọ ń rò lẹ́ẹ̀mejì. Ajíbóyè àti Ṣíyanbọ́lá kó àwọn ẹlẹgbẹ́ àáró wọn dání, wọ́n ro oko náà láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Baba pa adìẹ fún wọn. Wọ́n jókòó sábẹ́ igi òrombó, wọ́n ń jẹ ẹ̀kọ, wọ́n ń bú ara wọn bí ọ̀rẹ́ ti ń bú ọ̀rẹ́, nígbà tí Baba dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

"Ṣíyanbọ́lá, ebè mélòó lo gbìn lọ́dún yìí?"

"Ọgọ́jọ ni, Baba. Ilẹ̀ ni kò gbà mí láyè."

"O ṣeun, ọmọ mi, ó dára. Ìwọ ńkọ́, Ajíbóyè? Ìwọ ni àgbà àna."

Ọgọ́rùn-ún ló yẹ kó wí. Ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ ti dé ètè rẹ̀. Ṣùgbọ́n wo Ṣíyanbọ́lá, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó ní èṣín, tó jókòó tì í pẹ̀lú ọgọ́jọ, tó ń fa egungun adìẹ bí ẹni pé òun ló bí Baba. Ajíbóyè gbé ẹ̀kọ tó wà lẹ́nu mì.

"Igba ni, Baba. Igba gbáko."

Ọ̀pálékè gbójú sókè. "O ti wá kọ ọgọ́rùn-ún tó kù?"

"Tipẹ́tipẹ́. Ẹ̀yìn òkè ló wà, ẹ kò lè rí i láti ojú ọ̀nà."

Inú Baba dùn kọjá àlà. Ó mú iwe adìẹ tó wà nínú àwo tirẹ̀, ó fi lé Ajíbóyè lọ́wọ́. "Ọmọ mi kò ṣi ọkọ yàn," ni ó wí, ó sì tún un wí kí gbogbo wọn lè gbọ́. Adùn iwe náà kò tíì kúrò lẹ́nu Ajíbóyè tí irọ́ fi di òótọ́ ní gbogbo aba.

Kò pẹ́ tí ó fi dé etí Ìbídùnní. Òun ló ń gbin ẹ̀gúsí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè wọ̀nyẹn, kò sì sí ẹni tó lè pa iye wọn mọ́ ọn lójú. Ó dúró títí ọkọ rẹ̀ fi jẹun tán.

"Baba Ìgè, wọ́n ní igba ebè ni a gbìn."

"Ìyá Ìgè, ẹnu lásán ni. Ọ̀rọ̀ kì í jẹ iṣu."

"Ọ̀rọ̀ kì í jẹ iṣu lóòótọ́," ni Ìbídùnní dáhùn. "Àwọn tó gbọ́ ọ ni yóò jẹ ẹ́."

Ajíbóyè rẹ́rìn-ín. Ìbídùnní náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, nítorí ọkùnrin náà ń pa á lẹ́rìn-ín, ohun tó jẹ́ kó fẹ́ ẹ nìyẹn. Kò sì tú ọkọ rẹ̀ fó lójú ayé. Ó kó agbọ̀n rẹ̀, ó gba odò lọ.

Ẹni tó bá rò pé irọ́ kò ní iṣẹ́ nínú, kí ó bi Ajíbóyè léèrè. Nígbà tó di àkókò ìroko, tí olúkúlùkù ń ro oko tirẹ̀ pẹ̀lú ará ilé rẹ̀, Ajíbóyè parí ọgọ́rùn-ún ebè tirẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́jọ. Ṣùgbọ́n báwo ni ẹni tó ní igba ebè ṣe máa parí ìroko ṣáájú ẹni tó ní ọgọ́jọ? Ó di dandan kí ó máa jáde láàárọ̀ pẹ̀lú ọkọ́ léjìká, kí ó sọdá odò, kí ó lọ jókòó sínú ahéré kan tí òrùlé rẹ̀ ń jò. Ibẹ̀ ni yóò wà títí di ìrọ̀lẹ́, tí yóò máa ro oko tí kò sí. Òjò ń pa á, yànmùyánmú ń jẹ ẹ́. Ó ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nídìí ayò láti òdì kejì, kò sì lè lọ, nítorí ẹni tó ní igba ebè kì í ráyè ta ayò.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni Ìbídùnní máa ń kí i bó bá wọlé. "Ṣé ẹ̀yìn òkè ti ń mọ́ díẹ̀díẹ̀?"

"Koríko ibẹ̀ le," ni Ajíbóyè á dáhùn, á sì fi ojú sá fún un.

Ìgbà tó tó, iṣu tuntun jáde. Ọgọ́rùn-ún ebè mú ọgọ́rùn-ún iṣu wá, iṣu ńláńlá tí awọ rẹ̀ ń dán, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀kan tó jẹrà. Ajíbóyè kó wọn sínú àká, ó dúró, ó ń wò wọ́n, inú rẹ̀ sì dùn dé ìsàlẹ̀. Ká ní ó ti sọ òótọ́ ni, ọdún ire ni ọdún náà ì bá jẹ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ọ̀pálékè ló kọ́kọ́ dé. Àṣà àáró wọn ni pé ẹni tí ebè rẹ̀ bá pọ̀ jù ni yóò ṣe àsè iṣu tuntun fún gbogbo ẹgbẹ́ àti ìyàwó wọn àti ọmọ wọn. "Ìwọ ló kàn lọ́dún yìí, kò sí ẹlòmíràn nínú wa tó pé igba," ni ó wí. "Ọgbọ̀n iṣu á tó wa." Ajíbóyè ka ọgbọ̀n jáde. Àsè náà dùn, wọ́n jó títí, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ kọrin.

Lẹ́yìn oṣù kan, Baba Adégbìtẹ́ ránṣẹ́. Àbíkẹ́yìn rẹ̀ obìnrin ń lọ sílé ọkọ, ó sì fẹ́ kí àwọn àna ran òun lọ́wọ́ pẹ̀lú iṣu. "Ogún ni ènìyàn máa ń bèèrè," ni ẹni tó wá jíṣẹ́ sọ, "ṣùgbọ́n Baba ní ẹni tó ní igba, ogójì kò ní ni ín lára." Ajíbóyè wo àká, ó wo ojú ọ̀nà, ó sì ka ogójì jáde. Kí ni ì bá ti wí? Ó ti jẹ iwe adìẹ náà.

Ọgbọ̀n ló ṣẹ́kù. Ilé jẹ mẹ́wàá nínú rẹ̀. Nígbà tó di ogún, Ìbídùnní kó gbogbo rẹ̀ sí apá ọ̀tọ̀, ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ bò ó.

"Baba Ìgè, ẹ wò ó dáadáa. Èyí kì í ṣe iṣu mọ́. Èèbù ni. Bí a bá gé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí márùn-ún nígbà tí òjò bá padà dé, ọgọ́rùn-ún ebè nìyẹn. Bí a bá jẹ ẹ́, a kò ní ohun tí a ó gbìn, kò sì sí ẹni tí yóò fún ẹni tó ní igba ebè ní èèbù."

Ajíbóyè gbà. Láti ọjọ́ náà, kókò àti àgbàdo ni wọ́n ń jẹ nílé náà, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú ilẹ̀kùn títì, kí aládùúgbò má baà béèrè ohun tó ń ṣe olówó iṣu.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, nígbà tí òjò àrọ̀kúrò ti fẹ́ parí, Baba Adégbìtẹ́ wọlé. Ó wá dúpẹ́ ogójì iṣu. Ọ̀pálékè àti Ṣíyanbọ́lá ló sìn ín wá. Ajíbóyè dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó tẹ́ ẹní, ó bu omi fún wọn.

"Ìgbéyàwó yẹn dára," ni Baba wí. "Gbogbo ará ibẹ̀ ló ń béèrè ẹni tó ni iṣu. Mo sì sọ fún àwọn méjì yìí lójú ọ̀nà pé n kò jẹ nǹkan kan kúrò nílé láàárọ̀ yìí. Iyán ilé àna mi ni mo fi inú sílẹ̀ fún."

Ènìyàn kì í jẹ́ kí bàbá ìyàwó rẹ̀ kúrò nílé pẹ̀lú ebi. Ajíbóyè wọ ẹ̀yìnkùlé lọ bá ìyàwó rẹ̀.

"Ìyá Ìgè, jọ̀ọ́. Mú mẹ́rin nínú rẹ̀."

"Nínú kí ni?"

"Nínú èèbù. Ojú mi ni mo fẹ́ bò, mo bẹ̀ ọ́."

Ìbídùnní gbé ìkòkò kaná. "Ẹ lọ jókòó ti àwọn àlejò yín," ni ó wí. "Iyán ń bọ̀."

Ajíbóyè padà lọ jókòó. Láìpẹ́ wọ́n gbọ́ tí ọmọ odó bẹ̀rẹ̀ sí ró ní ẹ̀yìnkùlé. Baba mi orí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ṣùgbọ́n inú Ajíbóyè bàjẹ́ gidigidi. Gbogbo bí odó ṣe ń ró, ó ń rí oko ọdún tó ń bọ̀ tó ń fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ogún ebè ti lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ẹnu ara rẹ̀ ní kí wọ́n gún un. Ó rò ó bóyá kí òun dìde kí òun sọ pé kó dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n Baba ń wò ó tìfẹ́tìfẹ́, kò sì lè dìde.

"Odó yẹn ń dún kóńkó o," ni Ọ̀pálékè wí.

"Iṣu tuntun ni," ni Baba dá a lóhùn. "Ó fúyẹ́."

Ìbídùnní gbé oúnjẹ wọlé. Ó gbé ọbẹ̀ ẹ̀gúsí kalẹ̀, ẹran ọ̀yà kún inú rẹ̀, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé. Ó gbé igbá ńlá kan tó ní ọmọrí kalẹ̀ níwájú Baba. Ó bu omi ìfọwọ́. Lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Baba ṣí ọmọrí igbá.

Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Igbá náà mọ́ tónítóní.

Ẹ kò ní gbàgbọ́, ṣùgbọ́n ohun tó kọ́kọ́ wọ ọkàn Ajíbóyè ni ayọ̀. Èèbù rẹ̀ ṣì wà. Lẹ́yìn náà ni ìtìjú dé, ó sì fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì.

"Ìbídùnní," ni Baba wí, "kí ni èyí?"

"Iyán ni, Baba. Ọgọ́rùn-ún iṣu tí a kọ́kọ́ gbìn ti tán, ẹ̀yin àti àwọn ọ̀rẹ́ àáró àti àwa nílé la jọ jẹ ẹ́. Ọgọ́rùn-ún kejì tó wà lẹ́yìn òkè ni mo gún yìí. Ọkọ mi nìkan ló gbìn ín, èmi kò tilẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń sè é. Bí kò bá kúná, ẹ má bínú."

Ṣíyanbọ́lá ń wo òrùlé, ó ti fi eyín di ètè rẹ̀ mú. Baba wo igbá, ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo ọkọ ọmọ rẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Ó na ọwọ́ sínú igbá òfìfo náà, ó gé òkèlè tí kò sí, ó yí i roboto nínú ọwọ́, ó fi kan ọbẹ̀, ó sì gbé e sẹ́nu. Ó jẹ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Iyán yìí fẹ́lẹ́," ni ó wí. "Ọ̀pálékè, tọ́ ọ wò."

Ọ̀pálékè, tí kì í rẹ́rìn-ín, gé òkèlè tirẹ̀. Ó gbé e mì. "Iyọ̀ rẹ̀ ṣe déédéé," ni ó wí. Ṣíyanbọ́lá ní tirẹ̀ kò lè jẹun, ẹ̀rín ti dá a dùbúlẹ̀ sórí ẹní.

"Àwa ti yó," ni Baba wí, ó sì ti igbá náà sọ́dọ̀ Ajíbóyè. "Ṣùgbọ́n ìwọ lo ni ín, Ajíbóyè. A kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ tán fún ọ. Jẹun."

Ajíbóyè wo ojú wọn. Ó na ọwọ́. Ó gé òkèlè, ó fi kan ọbẹ̀, ó gbé e sẹ́nu, ó sì gbé e mì, omi ẹ̀gúsí lásán. Ìyẹn ni oúnjẹ tó le jù tó jẹ láyé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dojúbolẹ̀ níwájú Baba.

"Ọgọ́rùn-ún ni, Baba. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, ọgọ́rùn-ún ni."

"Ṣé ọgọ́rùn-ún ni èmi ì bá tìtorí rẹ̀ gba ọmọ mi lọ́wọ́ rẹ?" ni Baba bi í. "Dìde. Ká ní o ti sọ ọ́ lábẹ́ igi òrombó, ogún iṣu ni ǹ bá gbà, ǹ bá sì dúpẹ́ jù báyìí lọ."

Ìgbà yẹn ni Ìbídùnní dìde, ó lọ gbé kókò sísè tó gbóná wá láti ẹ̀yìnkùlé, abọ́ ńlá kan gbáko, nítorí ó ti gbé e kaná kí ó tó fọwọ́ kan ọmọ odó. Wọ́n fi jẹ ọbẹ̀ ẹ̀gúsí náà, wọ́n jẹ ẹ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín. Bí ẹnì kan bá gbé òkèlè, ẹlòmíràn á bi í bóyá ti ẹ̀yìn òkè ni.

Ìbídùnní gé èèbù náà nígbà tí òjò padà dé. Àáró kọ́kọ́ dé oko Ajíbóyè lọ́dún náà, ó sì ń ka ebè kọ̀ọ̀kan sókè bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Nígbà tí iṣu hù tán, Baba Adégbìtẹ́ bi í lójú gbogbo àna bí ó ti máa ń ṣe. "Mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún ni, Baba," ni Ajíbóyè dáhùn. "Ọ̀yà wú mẹ́ta." Kò sẹ́ni tó fi ṣe ẹ̀rín. Láti oko náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti jáde, tí àgbà kò sì jẹ́ kó kú títí dòní, pé ẹni tó gbin ọgọ́rùn-ún ebè, tó ní igba lòun gbìn, bó bá jẹ ọgọ́rùn-ún iṣu tán, yóò jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́.